Ẹ Rí Béárì Nínú Páàkì: Ta Ni Kí Ẹ Sọ Fún, Kí Ló sì Ń Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Náà?

Tí ìgbà ooru bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ìdílé wa tó wà lọ́hùn-ún náà a máa kó ọmọ sínú ọkọ̀ lọ sí àwọn páàkì ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún igbó àti ẹranko. Ẹni tó ń gbé Atlanta lè wakọ̀ lọ sí Great Smoky Mountains láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹni tó ń gbé Calgary ò jìnnà sí Banff rárá. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọ́n á rí pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rí béárì lọ sọ fún ẹ̀ṣọ́ páàkì. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí ẹní lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni, pé ọ̀rọ̀ náà á wá di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mìíràn ní béárì náà ò ṣáà ṣe àwọn ní nǹkan kan, kí wá ni wọ́n fẹ́ rò nípa rẹ̀? Àwọn tó láàánú ẹranko lójú ní tiwọn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá lanu sọ ọ́, ìbọn ló kàn.

Ẹ̀rù tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù, torí òdì kejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ìròyìn tó bá tètè dé etí àwọn ẹ̀ṣọ́ ló máa ń gba béárì sílẹ̀. Èyí tí ènìyàn mẹ́wàá rí, tí gbogbo wọn dákẹ́, ló sábà máa ń parí sí ìbọn.

Béárì wo là ń sọ ná?

Ọ̀pọ̀ wa, inú Bíbélì la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ béárì, nínú ìtàn Dáfídì nídìí agbo àgùntàn bàbá rẹ̀. Kò sí béárì nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kò sí ìjálá tí ọdẹ fi kì í tó lè kọ́ wa ní ìwà rẹ̀. Àfi ká fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Irú méjì ló kan àwọn páàkì tí mò ń sọ yìí: béárì dúdú, àti èyí tí wọ́n ń pè ní grizzly. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀. Béárì dúdú lè pọ́n, ó sì lè ní àwọ̀ bíi ti kòkó. Èjìká ni kí ẹ wò. Grizzly ní iké ní èjìká, ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú láàárín iwájú orí àti imú, etí rẹ̀ kúrú ó sì rí roboto, èékánná ọwọ́ rẹ̀ sì gùn tó ìka ọwọ́ ènìyàn. Béárì dúdú ò ní iké; imú rẹ̀ lọ tààrà, etí rẹ̀ ga díẹ̀, èékánná rẹ̀ kúrú, ó sì ká kọ́rọ́ kó lè fi gun igi. Ní Great Smoky àti Yosemite, béárì dúdú nìkan ló wà. Ní Yellowstone, Glacier àti Banff, méjèèjì ló ń rìn níbẹ̀. Tí ọkàn yín ò bá dá yín lójú, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fojú rí fún ẹ̀ṣọ́, ẹ má méfò orúkọ. Ìméfò tí kò tọ̀nà máa ń ṣi àwọn tó ń tọpa ẹranko náà lọ́nà.

Rírí, ìpàdé, ìṣẹ̀lẹ̀: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pín ọ̀rọ̀ béárì sí ìsọ̀rí, orúkọ tí páàkì kọ̀ọ̀kan ń lò lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n báyìí ló ṣe máa ń rí.

Rírí ni kí béárì wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa wa gbòǹgbò jẹ tàbí kó máa kọjá lọ, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, tàbí kó mọ̀ kó má kọbi ara sí i. Ìpàdé ni kí ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí ìṣe rẹ̀ sì yí padà nítorí yín: ó gbórí sókè, ó sá, ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tàbí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. (Béárì tó dìde dúró kì í ṣe ẹni tó fẹ́ jà o. Ó ń wá bí òun ṣe máa rí yín dáadáa, kó sì gbóòórùn yín.) Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta: ó gbé oúnjẹ ènìyàn, ó ya àgọ́, ó ṣí ọkọ̀, ó sáré mọ́ ènìyàn, tàbí ó ṣe ènìyàn léṣe. Ó tún lè sáré bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, kó wá dúró gbagidi ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ mélòó kan sí yín, kó sì yí padà. Ìyẹn náà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn yín.

Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ní sísọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá.

Béárì tí ò ṣe nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ sí?

Ẹ wo ewúrẹ́ àdúgbò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹnu kan àtẹ ìyá alágbàdo, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Bí wọ́n bá na igi sí i báyìí, á sá. Bí kò bá sẹ́ni tó lé e, á padà wá lọ́jọ́ kejì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ojú ìyá náà ló ti ń jẹ ẹ́, igi ò sì lé e mọ́. Bí béárì ṣe ń bàjẹ́ náà nìyẹn, àmọ́ ti béárì lè wúwo ju ọkùnrin méjì lọ, agbára tó fi ń fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ya ò sì kéré.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ó máa ń gba ìpele kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú rẹ̀ á mọ́ ènìyàn: á máa jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Lẹ́yìn náà, á rí egungun adìẹ tí ẹnìkan jù sílẹ̀, tàbí kúlà tí wọn ò tì. Láti ọjọ́ náà lọ, òórùn ènìyàn ti di òórùn oúnjẹ fún un. Ìpele àkọ́kọ́ ni ìròyìn yín wúlò jù sí. Béárì tó ń rìn yí ibùdó àgọ́ ká ní ọ̀sán gangan láì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ń kìlọ̀ ohun tó ń bọ̀ fún yín.

Ní Great Smoky, bí wọ́n bá gbọ́ irú rẹ̀ lásìkò, wọ́n lè dẹ pàkúté fún un níbẹ̀ gan-an. Wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i létí, wọ́n á yọ eyín kékeré kan láti fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti mú un. Nígbà tó bá jí, ẹnu ń dùn ún, etí ń ta á, ó sì ti mọ̀ pé ibi tí ènìyàn wà kì í ṣe ibi ìgbádùn. Ní àwọn ibòmíràn, ariwo àti ọta rọ́bà ni wọ́n fi ń lé e kúrò ní ibùdó. Nǹkan wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún béárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwàkiwà. Èyí tó ti gbọ̀nà dé ìdí rẹ̀ kì í sábà gbọ́ mọ́, bí wọ́n bá sì kó o lọ ju sí igbó jíjìn, ó lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà padà sí ibi tí wọ́n ti gbé e.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ní ibùdó Elkmont ní Great Smoky, béárì kan fa àgọ́ ya mọ́ ìdílé kan lórí ní ìdájí. Ó ṣe ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta àti ìyá rẹ̀ léṣe lórí kí bàbá tó lé e dànù. Orí kó wọn yọ, ọgbẹ́ wọn ò jinlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú béárì náà, wọ́n sì pa á. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 158, èyí tí kò bá asìkò mu, torí pé béárì kì í sanra tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Ohun tí àwọn onímọ̀ páàkì rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó ti máa rí oúnjẹ tí kì í ṣe ti inú igbó jẹ dáadáa. Kì í ṣe òru ọjọ́ kan ni béárì fi ń sanra. Ẹnìkan ti ní láti rí i níbi tó ti ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Yosemite ní California fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí lè yí padà. Ní ọdún 1998 nìkan, ìṣẹ̀lẹ̀ béárì tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 1,500, ohun ìní tó bàjẹ́ sì lé ní 600,000 dọ́là, pàápàá ọkọ̀ tí béárì fọ́ nítorí oúnjẹ tó wà nínú wọn. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Wọ́n gbé àpótí irin tí béárì ò lè ṣí sí àwọn ibùdó, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ènìyàn kó oúnjẹ sínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń yẹ ọkọ̀ wò lóru. Ìṣẹ̀lẹ̀ ti fi ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Ṣé bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní pa á?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yellowstone ní ọdún 2011 ni mo fẹ́ fi dáhùn, torí kò rọrùn, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé wọn kì í pa béárì rárá.

Ní oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń rìn ní ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí adágún Wapiti. Wọ́n pàdé abo grizzly kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Abo náà sáré sí wọn, ó pa ọkùnrin náà, ó sì fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láàyè. Ẹ lè rò pé wọ́n á pa béárì náà lọ́jọ́ kejì. Wọn ò pa á. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́ tẹnu ìyàwó, wọ́n yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n wo àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀sùn kankan tẹ́lẹ̀ lọ́rùn ẹranko yìí, pé ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n rí òkú arìnrìn-àjò mìíràn ní ọ̀nà Mary Mountain, níbi tí kò jìnnà púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Béárì ti jẹ lára rẹ̀. Wọ́n kó irun àti ìgbẹ́ béárì níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, DNA sì fi hàn pé abo ti oṣù Keje yẹn wà lára àwọn béárì tó dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè búra pé òun ló pa ọkùnrin kejì yìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ ikú méjì. Wọ́n mú un ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì pa á lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ọgbà ẹranko Grizzly & Wolf Discovery Center ní ìlú West Yellowstone, níbi tí wọn ò ti ní padà sínú igbó mọ́.

Àwọn kan bínú nígbà náà pé ó ti yẹ kí wọ́n pa á ní oṣù Keje; àwọn mìíràn bínú pé wọ́n pa á rárá. Èmi rò pé ìpinnu àkọ́kọ́ tọ̀nà pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ló gbà á sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹnu ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó ni wọ́n ti gbọ́ pé ìyá ọlọ́mọ ni, pé ìbẹ̀rù ló mú un ṣe é. Ibi tí kò bá sí ìròyìn tó péye, ẹ̀ṣọ́ ò ní lè mọ ìyàtọ̀ láàárín béárì tó ń gbèjà ọmọ àti èyí tó ń wá ènìyàn jẹ. Nígbà tí iyèméjì bá sì wà, ààbò ènìyàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò.

Ẹ̀rù ikú gan-an náà, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù. Láti ọdún 1872 tí wọ́n ti dá Yellowstone sílẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ ni páàkì náà kà pé béárì pa níbẹ̀. Àwọn tó rì sómi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Láàárín 1931 sí 1969, nígbà tí béárì ṣì ń jẹ lórí ààtàn àti lọ́wọ́ àwọn èrò inú ọkọ̀, nǹkan bí ènìyàn 48 ni béárì ń ṣe léṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní 1970, wọ́n ti àwọn ààtàn náà pa. Lóde òní, nǹkan bí ẹyọ ẹnìkan ni lọ́dún.

Kí ni kí n ṣe kí n tó pe ẹnikẹ́ni?

Ẹ kọ́kọ́ jìnnà. Ní Yellowstone, yáàdì 100 ni òfin sọ, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 91. Ní Great Smoky, yáàdì 50. Ní Denali ní Alaska, yáàdì 300. Ẹ má sáré, torí sísá máa ń jẹ́ kó lé yín. Ẹ kó àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí grizzly ọlọ́mọ bá gbá yín mú, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn, ẹ má mira. Tó bá jẹ́ béárì dúdú ló kọlù yín, tàbí béárì èyíkéyìí tó wọ àgọ́ bá yín lóru, ẹ bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tọ́wọ́ yín bá bà. Agolo ata fífín tí wọ́n ṣe fún béárì wúlò gan-an. Yellowstone ń rọ gbogbo arìnrìn-àjò kó mú un dání, Yosemite ní tirẹ̀ ò gbà á láàyè, ẹ kò sì lè gbé e wọ bàálù.

Ta ni kí n sọ fún, kí sì ni kí n sọ?

Ẹ̀ṣọ́ tó bá sún mọ́ yín jù lọ, tàbí ilé ìgbàlejò páàkì. Bí ẹnìkan bá fara pa tàbí béárì ò kúrò ní ibùdó, ẹ pe 911. Àwọn páàkì kan ní nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ béárì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó wọ igbó, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àwọn tó ń lọ jìnnà máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dání. Ó dára, àmọ́ kò ní kí ìrànlọ́wọ́ fò dé. Ní Banff, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkùnrin kan àti obìnrin kan fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kígbe ìrànlọ́wọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ojú ọjọ́ ò jẹ́ kí hẹlikópítà gbéra. Aago kan òru ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dé ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti kú.

Ohun tí ẹ̀ṣọ́ máa béèrè ò ta kókó: ibo ni, ọjọ́ wo, aago mélòó? Béárì mélòó, ṣé ọmọ wà níbẹ̀? Ṣé ó ní nọ́ńbà létí tàbí okùn lọ́rùn? Bí ẹ bá rí àwọ̀ nọ́ńbà etí náà, ẹ fi kún un, torí ó lè tó láti fi mọ béárì kan pàtó láàárín ọgọ́rùn-ún. Kí ló ń ṣe nígbà tí ẹ rí i, kí ló sì ṣe nígbà tó rí yín? Ṣé ó rí oúnjẹ jẹ? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù owó ìtanràn. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ kúlà tiyín ló jẹ, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdílé tó máa pa àgọ́ síbẹ̀ lọ́la ò mọ̀ pé béárì náà ti tọ́ ọ wò.

Òkú ẹranko náà yẹ ní sísọ. Béárì lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣọ́ òkú ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín, kò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá gbóòórùn òkú tàbí tí ẹ rí ẹyẹ ìwò tó ń pagbo lójú kan, ẹ yí padà, kí ẹ sì lọ sọ. Wọ́n lè ti ọ̀nà náà pa fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n wọ́ òkú náà kúrò lẹ́bàá títì.

Fídíò tí mo ṣe ńkọ́?

Ó lè wúlò fún àwọn onímọ̀ páàkì, pàápàá bí wọ́n bá lè rí iké, etí àti nọ́ńbà nínú rẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé ibi tó wà gan-an sórí ayélujára lójú ẹsẹ̀, torí ọkọ̀ ogún lè ya dé ibẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ kan tó dé. Ẹ má sì torí fídíò dúró. Ní oṣù Karùn-ún 2021, obìnrin kan kọ̀ láti kúrò níwájú grizzly ọlọ́mọ ní Roaring Mountain ní Yellowstone, ó ń ya fọ́tò bí ẹranko náà ṣe sáré bọ̀. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kó san owó ìtanràn, wọ́n sì fòfin dè é kó má wọ páàkì náà fún ọdún kan.

Mo ti padà délé kí n tó rántí. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Rárá. Ìròyìn tó pẹ́ ò lè lé béárì kúrò ní ibùdó mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tí béárì ń gbà ní oṣù wo àti ibi tó yẹ kí wọ́n gbé àpótí irin sí. Ẹ pe páàkì náà, tàbí kí ẹ lọ sí ìkànnì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní fọ́ọ̀mù fún un. Bí ọkọ̀ yín bá sì gbá béárì, ẹ má torí ìbẹ̀rù wakọ̀ lọ láì sọ. Ní Yosemite, àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń lọ wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè, wọ́n sì máa ń ri pátákó tó ní àwòrán béárì pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ ti gbá ọ̀kan, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dẹwọ́ eré.